Wákàtí Tí Wọn Kì Í Kà

Ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n fi ń ka ayé lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mẹ́fà ni màá kọ sílẹ̀, òun ni yóò sì sanwó rẹ̀. Mẹ́wàá irú rẹ̀ ló di wákàtí kan. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni mò ń bójú tó. Kíkà yìí ti wọ̀ mí lára débi pé bí mo bá ń ro àmàlà nílé, ojú mi ń lọ sára aago. Ọkọ mi ní lọ́jọ́ kan màá kọ bíìlì àmàlà fún òun.

Iléeṣẹ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́, tí n ò ní dárúkọ, ní ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ti àwọn òbí, ti àwọn aláàbọ̀ ara, ti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti ti àwa aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní torí kí wọ́n lè ka gbogbo wa mọ́ra ni. Ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Mo pe ìyá mi ní Òṣogbo, wọ́n gbàdúrà títí owó fóònù fi tán.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe ìrántí ìtàn aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀, èmi ni mo kọ ímeèlì, èmi náà ni mo bá àwọn alásè ṣàlàyé pé ẹ̀wà kì í sí nínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Mo tún mú àwọn ọmọ iléèwé girama yí ọ́fíìsì ká. Lóṣù yẹn nìkan, wákàtí 38 ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo kọ ọ́ sílẹ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà.

Nígbà tí ọdún parí, ọ̀gá mi pè mí jókòó. Ó yin ẹgbẹ́ wa títí. Ó wá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó fi ìka sórí nọ́ńbà kan tó pọ́n bí ata: "Wákàtí rẹ kò pé." Ohun tó kù kò tó wákàtí 30. Bí bọ́nọ́ọ̀sì ọdún náà ṣe lọ nìyẹn.

Bóyá ǹ bá ti gbàgbé, bí kì í bá ṣe ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù méjì. Àwọn báńkì àti kọ́ńpìnnì ńlá máa ń béèrè, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún lọ́yà, irú èèyàn tó wà níléeṣẹ́ náà àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn. Nínú ìwé tí iléeṣẹ́ wa fi wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ báńkì kan, fọ́tò wa ló wà lójú ewé kẹta: èmi rèé nínú gèlè, abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́ mi. Wọ́n rí iṣẹ́ náà gbà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ní Ìbàdàn, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. "Àbúrò, ṣé iṣẹ́ lẹ bá lọ ni àbí ẹgbẹ́jọdá?" Wọ́n ní ẹni tó bá mọṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á gbè é. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, ṣùgbọ́n obìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gwyneth Bebb, mọṣẹ́. Fáàsì kíláàsì ni máàkì rẹ̀ nínú ìmọ̀ òfin ní Oxford. Nígbà tó ní òun fẹ́ di lọ́yà, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà kọ̀. Òun àti obìnrin mẹ́ta mìíràn gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a lẹ́jọ́ ní 1913 pé obìnrin kò sí lára "ẹni" tí òfin 1843 ń wí. Wọn ò sọ pé kò mọ̀wé o. Wọ́n ní òfin kò kà á mọ́ ẹni. Ọdún 1919 ni wọ́n tó yí òfin padà. Nígbà tí Carrie Morrison fi di obìnrin sọ̀lísítọ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1922, Bebb ti kú. Ní 1933 ni Stella Thomas tiwa, ọmọ Èkó, di lọ́yà ní Middle Temple ní Lọ́ńdọ̀nù; ní 1943 ó di májísíréètì, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹgbẹ́ náà wúlò, n ò ní purọ́. Níbi oúnjẹ ẹgbẹ́ wa ni arákùnrin ará Gánà kan ti là mí lóye pé ilé ọtí tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń pín fáìlì tó dára, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń retí ímeèlì! N kì í mutí, ṣùgbọ́n mo lọ, mo mu omi ọsàn, mo gba fáìlì.

Ní Amẹ́ríkà, ètò kíka gbogbo èèyàn mọ́ra yìí ti di ìjà. Lóṣù kẹta 2025, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ níbi iṣẹ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ lọ́yà 20 pé kí wọ́n wá ṣàlàyé irú ètò báyìí. Àwọn kan sáré pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò nínú ìwé wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí kò sí nínú wákàtí iṣẹ́ kò ṣòroó pa rẹ́. Ìdí rèé tí mo fi ní kí wọ́n ka wákàtí ẹgbẹ́ mọ́ ti iṣẹ́, bí àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń ṣe báyìí. Ìrẹsì lè dúró ná.

Ẹnì kan tún wà. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìyá kan ará Ìjẹ̀bú máa ń ti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ wọlé. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, "Lọ́yà mi, dìde, n ò tíì gbá ibẹ̀ yẹn." Kọ́ńpìnnì mìíràn ló gbà wọ́n síṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń gbálẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n lè wá síbi àpèjẹ ẹgbẹ́. Èsì tí mo gbà ni pé wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, káàdì wọn kò sì ní ṣílẹ̀kùn títí aago méje alẹ́. Bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ilé yẹn lálẹ́ pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ.

Mo bu ìrẹsì sínú ike, mo tọ́jú rẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rọra dé ike náà padà. Wọ́n ti ta oúnjẹ rí ní Ìjẹ̀bú-Òde, fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Lọ́yà mi, èló ni wọ́n san fún ẹni tó se eléyìí?"

Èmi ni mo fọwọ́ sí bíìlì rẹ̀, mo mọ iye tó jẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé iṣẹ́ kan ṣì wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ parí.