Orúkọ Tó Wà Lọ́rùn Ajá, Ọmọ Aládùúgbò Ló Ń Gbà

Àwọn àgbà ló sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ajá ń bá ọdẹ wọ igbó ni wọ́n pa á. Inú ìlú ńlá ni ajá ayé ìsinsìnyí ń gbé. Kò sí ọdẹ tó ń fun fèrè pè é, fèrè ọkọ̀ ló ń gbọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ta ni yóò mọ ilé tó ti wá? Bó bá sì gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò gbà lọ? Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ọ̀rọ̀ okùn tí à ń so mọ́ ajá lọ́rùn, àti irin pelebe tí à ń fín orúkọ sí. Ẹ má ṣe sọ pé àṣà àwọn tó rí owó ná ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ìlú Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Nàìjíríà àti Benin lọ ń ṣòwò níbẹ̀, ọjà Mont-Bouët kò sì ṣàjèjì sí wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Gabon ní ọdún 2013, àwọn tó wà ní Libreville nìkan lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje (700,000). Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ilé fara kan ilé, ajá onílé kan ni ajá gbogbo àdúgbò. Àjèjì tó bá sì ń gbé Libreville mọ ohun tí ìwé ìgbélùú, èyí tí wọ́n ń pè ní carte de séjour, túmọ̀ sí. Ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ kì í rìn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. N kò fi ènìyàn wé ajá o. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó mọ iyì ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ kí ajá rẹ̀ máa rìn kiri láìní àmì kankan lọ́rùn.

Síso nǹkan mọ́ ajá lọ́rùn kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. Àwọn ọdẹ tiwa a máa so ṣaworo mọ́ ajá wọn, kí wọ́n lè mọ ibi tó wà bó bá ti wọ inú ìgbẹ́. Àwọn ọdẹ igbó kìjikìji Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, níbi tí Gabon wà, a máa fi igi gbẹ́ agogo fún ajá tiwọn. Ìdí wà fún un. Irú ajá kan wà ní agbègbè náà tí ayé mọ̀ sí Basenji, tí kì í gbó bí àwọn ajá yòókù. Bí ajá kò bá gbó, agogo ni yóò sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn agogo onígi bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí káàkiri Yúróòpù títí dòní. Nínú igbó, etí ni ọdẹ fi ń mọ ibi tí ajá rẹ̀ wà. Nínú ìlú, ojú ni aládùúgbò fi ń mọ ẹni tó ni ajá. Nítorí náà, ohun tó yẹ kó rọ́pò agogo lọ́rùn ajá ìgboro ni orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àrùn dìgbòlugi ń bẹ ní Gabon, ó ń bẹ ní Nàìjíríà, ó ń bẹ ní Benin. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta (59,000) ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá mú, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Nínú mẹ́wàá tó bá sì pa, mẹ́rin ni kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ekukáká ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi lè yè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè tọ́jú ẹni tí ajá gé jẹ kí àmì náà tó yọjú, yóò yè. Láti ọdún 1885 ni ayé ti mọ èyí, nígbà tí Louis Pasteur fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ajá gé e jẹ, tí ọmọ náà kò sì kú.

Ẹ fi ojú inú wo ọmọ kan ní àdúgbò Nkembo tàbí Akébé ní Libreville, tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ kan, tí ajá sì gé e jẹ lẹ́sẹ̀. Ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé: ajá ta ni? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Níbo ló wà báyìí? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti àtojúbọ̀. Bí a bá mọ ajá náà, tí a sì mọ ẹni tó ni ín, wọn yóò so ó mọ́lẹ̀, wọn yóò máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé tí ajá náà ṣì wà láàyè, tí kò sì sí ohun tó ṣe é, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ọmọ náà jẹ. Dókítà lè wá dá abẹ́rẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ náà dúró, ọkàn ìyá ọmọ yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ajá náà bá jẹ́ ajá aláìlólówó tó ti sá lọ, kò sí ohun tí a ó máa ṣọ́. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, òbí rẹ̀ yóò sì máa wá owó kiri. Bí kò bá rí owó ńkọ́? Bí abẹ́rẹ́ kò bá sí ní ilé ìwòsàn ńkọ́? Irin pelebe kékeré kan lọ́rùn ajá ni ìbá ti dáhùn ìbéèrè dókítà.

N kò ní í kọjá ibí yìí láìsọ ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe pa ajá náà kí ẹ sì jù ú nù nítorí ìbínú, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí tí dókítà ń wá.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ kí á mọ ẹni tó ni ajá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àrùn Ebola jà ní Gabon ní ọdún 2001 sí 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí i pé àwọn ajá kan ń jẹ òkú ẹran tí àrùn náà pa nínú igbó. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò káàkiri, wọ́n sì gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2005. Ní àwọn abúlé tí àrùn náà ti jà, ajá ogójì (40) nínú mọ́kàndínlọ́gọ́jọ (159) ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé kòkòrò àrùn náà ti kan ara wọn rí. Kódà láàárín ajá mọ́kàndínlọ́gọ́rin (79) tí wọ́n yẹ̀ wò ní Libreville àti Port-Gentil, méje ló ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí náà kò sọ pé ajá kó Ebola ran ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ajá ń dé ibi tí olówó rẹ̀ kò dé, ó ń jẹ ohun tí olówó rẹ̀ kò rí, alẹ́ ni yóò sì padà wá bá àwọn ọmọ ṣeré nínú àgbàlá. Ẹni tó bá ń sin ajá gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń rìn sí. Bó bá sì rìn jìnnà, ó yẹ kí ẹni tó bá rí i lè dá a padà.

Irú okùn wo ló yẹ kí ènìyàn rà? Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: awọ, okùn ọ̀rá tí wọ́n hun, àti ṣéènì. Awọ dára lójú, ṣùgbọ́n òjò Libreville kì í ṣe òjò kékeré. Èyí tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mìlímítà, ó sì ju ti Èkó lọ dáadáa. Atẹ́gùn òkun oníyọ̀ tún wà níbẹ̀. Awọ tó bá ń rin lójoojúmọ́ yóò hu funfun, yóò máa rùn, yóò sì já lọ́jọ́ tí a kò retí. Ṣéènì wúwo, ó ń dípẹtà, èyí tó sì ń fún bí ajá bá ti ń fà á lè pa ajá bó bá há mọ́ ibìkan. Okùn ọ̀rá pẹlẹbẹ ló dára jù fún ojoojúmọ́: omi kì í bà á jẹ́, ó rọrùn láti fọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kí ìdè rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà bí ajá náà bá tóbi, nítorí ajá alágbára lè fa ìdè oníke já.

Bó ṣe máa gba ọrùn tún ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó tán, kí ìka ọwọ́ méjì lè wọ àárín okùn àti ọrùn ajá láìfipá. Bó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bó o lára. Bó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ajá yóò yọ orí. Ẹni tó ní ọmọ ajá ni kó ṣọ́ra jù lọ. Ọrùn ọmọ ajá ń tóbi, okùn kò tóbi. Ọ̀pọ̀ ajá ni okùn ti wọ̀ wọ́n lẹ́ran ọrùn nítorí pé olówó wọn so ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbàgbé. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Irin ìdánimọ̀ náà ńkọ́? Idẹ tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ní kí àwọn tó ń fín orúkọ sára ife-ẹ̀yẹ bá yín fín in. Ohun tí a fi bírò kọ kì í ju òjò mẹ́ta lọ. Kí ẹ fi òrùka bíi ti kọ́kọ́rọ́ gbé e kọ́, nítorí ìkọ́ lásán máa ń là. Ohun tí yóò wà lára rẹ̀ kò pọ̀: orúkọ ẹni tó ni ajá, àdúgbò rẹ̀, àti nọ́ńbà tẹlifóònù méjì. Ní Libreville, èdè Faransé ni gbogbo ènìyàn ń kà, nítorí náà bí ajá bá ti gba abẹ́rẹ́, kí ẹ fín vacciné àti ọdún tó gbà á sí ẹ̀yìn irin náà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ o. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ń purọ́ fún dókítà tó fẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ là. Kí ẹ sì máa wò ó bóyá nọ́ńbà náà ṣì ń lọ. Ní ọdún 2019, Gabon fi kún gígùn nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀. Irin tí wọ́n fín ṣáájú ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe, ti di ẹ̀ṣọ́ lásán lọ́rùn ajá.

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ti kọjá irin, pé wọ́n ti ń fi ohun kékeré bí hóró ìrẹsì kan sí abẹ́ awọ ajá, tí ẹ̀rọ yóò kà. Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ England, ó ti di dandan láti oṣù kẹrin ọdún 2016. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1992 tó ní kí ajá tó bá jáde síta ní Britain ní orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ lọ́rùn kò tìtorí ìyẹn kásẹ̀ ńlẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń kọjá lọ lójú pópó kò gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́, ojú ló gbé dání. Bí wọ́n bá lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa tí ẹ̀rọ náà kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni ìbá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Àwọn mìíràn yóò ní ajá àwọn kì í jáde. Ṣé géètì kì í ṣí ni? Lóru ọdún tuntun, tàbí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ tí Gabon ń ṣe àjọ̀dún òmìnira, bí ohun kan bá dún gbàù lókè, ajá tí kò jáde rí yóò fo ògiri. Ọjọ́ náà gan-an ni orúkọ ọrùn rẹ̀ yóò wúlò.

Okùn ọrùn kì í dènà dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ ló ń dènà rẹ̀, bí a bá sì fún ajá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní abẹ́rẹ́ náà láàárín ìlú kan, àrùn náà kò ní í ríbi gbà mọ́. Iṣẹ́ tí okùn àti irin ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ẹni tó ni ajá hàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò sì fẹ́ nìyẹn. A fẹ́ ajá tí yóò ṣọ́ ilé wa, ṣùgbọ́n bó bá gé ènìyàn jẹ, a ó ní a kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn ajá gbọ́dọ̀ lè jáde síwájú bó bá di ọjọ́ ẹjọ́.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ tí Louis Pasteur kú ní ọdún 1895, ni gbogbo ayé fi ń rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí ẹ̀yin náà yóò máa pe ajá yín, tí ẹ ó wo okùn ọrùn rẹ̀, tí ẹ ó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, tí ẹ ó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko bóyá àsìkò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní í pé tán. Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí á fi ajá wa pa ọmọ ọlọ́mọ.