Ẹ Bi Ará Etí Ọ̀sà Kí Katapílà Tó Wọ Àbàtà Akọka

Lẹ́yìn Yunifásítì Èkó ní Akọka, níbi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀sà, ó ṣì ku díẹ̀ nínú igbó àbàtà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1962: igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ gbé e dúró lórí ẹrẹ̀, tí ẹja wẹ́wẹ́ sì ń sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Láti apá Bàrígà títí dé Iwaya àti Makoko, iyanrìn, pàǹtí àti èérún pákó ti dí púpọ̀ nínú àbàtà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún tú ìyókù láìjẹ́ pé àwọn tó ń gbé létí omi náà ti jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá. Ẹ̀rí mi wà ní Òṣogbo.

Láyé àtijọ́, ìlú Yorùbá tí kò ní igbó òrìṣà tirẹ̀ kò wọ́pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti pòórá, igbó Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó gba apá kan nínú rẹ̀ láti fi dán ọ̀gbìn wò. Wọ́n gé igi, wọ́n gbin tiwọn. Ọdẹ àti apẹja wọ ibi tó jẹ́ èèwọ̀, olè sì ń jí ère gbé. Ọwọ́ ìjọba gan-an ló mú àáké. Àwọn tó dìde ni àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà bíi Adébísí Àkànjí. Wọ́n dojú kọ àwọn tó fẹ́ sọ ilẹ̀ náà di títà, wọ́n lé ọdẹ jáde, wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n sì mọ ère síbẹ̀. Ìdúró wọn ló fún òfin ní ohun tí yóò dáàbò bò: ní 1965 ìjọba kéde ibẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992 ìkéde náà kárí gbogbo hẹ́kítà 75, ní 2005 UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé. Irú ewéko tó lé ní 400 ló wà níbẹ̀ lónìí, àwọn tó lé ní 200 nínú wọn sì jẹ́ ewé oògùn.

Àwọn tó fẹ́ dí àbàtà náà yóò ní Akọka kì í ṣe Òṣogbo, ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn lásán ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ni ilẹ̀ Bàrígà àti Ṣómólú, a sì rí ohun tí òjò ṣe fún Èkó ní oṣù keje 2011. Bí a bá dí àbàtà tó ń gba omi dúró, inú yàrá àwọn èèyàn ni omi yóò wá lọ. Wọn yóò tún ní Èkó nílò ilé. Òtítọ́ ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tó ń pẹja kọ́ ló ń ra ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kún. Ní oṣù keje 2012, wákàtí 72 péré ni ìjọba fún àwọn kan lára wọn ní Makoko kí wọ́n tó wó ilé wọn. Ilé tó lé aláìní kúrò kò tíì yanjú ọ̀ràn ilé.

Àwíjàre wọn tó lágbára jù ni ti òfin ilẹ̀ 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n nítorí ará ìlú ni ilẹ̀ náà ṣe wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Òfin 1992 lórí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lára àyíká sì ti là á kalẹ̀ pé kí wọ́n fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìpinnu tó wáyé. Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba, ẹ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí sí Bàrígà àti Iwaya, ní ìrọ̀lẹ́ tí apẹja ti dé láti ojú omi, ní èdè Yorùbá àti Ẹ̀gùn. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà síta fún gbogbo ojú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe dá ẹni tó bá ní òun kò gbà lóhùn.