Ta Ló Sọ Pé Ìwé WAEC Ni Fágúnwà?

Ẹ jẹ́ n bínú díẹ̀ lónìí.

Mo ní nótíbúùkù kan tí mo máa ń kọ orúkọ ìwé tí mo bá kà sí. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ìtàn mérìíyìírí, ìtàn sáyẹ́ǹsì, ìtàn apanilẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, wọ́n ní kí kálukú ka tirẹ̀ síta. Àwọn tó ṣáájú mi dárúkọ Tolkien, wọ́n dárúkọ Harry Potter, wọ́n dárúkọ Tomi Adeyemi, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí, mo ní, "Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje." Ni ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín: "Ìyẹn náà? Ìwé WAEC nìyẹn jàre!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ìtìjú ló fà á. Ìgbà tí mo délé tán ni inú wá ń bí mi. Èsì mi rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọdún. Ní 1937 ni The Hobbit tí Tolkien kọ jáde nílùú òyìnbó. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde níbí. Ọdún kan péré! Ní 1954 tí The Lord of the Rings bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọdún yẹn náà ni Ìrìnkèrindò jáde, ọdún yẹn náà ni Amos Tutùọlá ará Abẹ́òkúta gbé My Life in the Bush of Ghosts jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Kí ló wá dé tí iwin òyìnbó fi jẹ́ fàájì, tí iwin tiwa di iṣẹ́ àṣetiléwá?

Mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, a ò ka ìtàn kankan fún ìgbádùn. "Sọ àbùdá Àkàrà-ògùn mẹ́rin." "Fa òwe márùn-ún yọ." Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jẹ ẹgba. Mo há gbogbo ẹ̀ sórí, mo yege, mo sì kórìíra ìwé náà. Bí wọ́n bá fi Harry Potter ṣe irú ẹ̀ fún yín, ṣé ẹ ò ní sá fún un?

Ìgbà tí mo wà nílé ní Ìsẹ́yìn lásìkò ọlidé ni ojú mi là. Iná ò sí, fóònù mi ti kú. Mo jókòó síbi tí bàbá mi àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń hun aṣọ, mo ń ka Ìrìnkèrindò sókè. Mo dé ìlú Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀, tí Òmùgọ́dìméjì jẹ́ ọba wọn. Ẹ wò ó, òfì mẹ́fà ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà! Bàbá kan rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú wa fún ọkùnrin yìí?" Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí mi, "Èyí tó kù ńkọ́?" ni wọ́n ń bi mí. Kò sẹ́ni tó béèrè àbùdá ẹ̀dá ìtàn lọ́wọ́ mi.

Òótọ́ ni pé ìwàásù Fágúnwà máa ń gùn. Mo máa ń fo díẹ̀ níbẹ̀. Mo fo orin Tolkien náà, kò sì sẹ́ni tó mú mi.

Ẹ wo díẹ̀ nínú nótíbúùkù náà:

Ibú Olókun, Ògúndélé, 1956. Mo yá a, n ò fẹ́ dá a padà.

Àjà Ló Lẹrù, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu Lápàdé ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sábẹ́ apanilẹ́rìn-ín.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin, Adébáyọ̀ Fálétí, 1969. Kì í ṣe mérìíyìírí. Ìjà àwọn ará Òkè Ògùn láti bọ́ lábẹ́ Olúmokò ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ tipátipá torí ilẹ̀ wa ni.

Rosewater, Tade Thompson, 2016. Àwọn àjèjì láti òfurufú wá tẹ̀dó sí Nàìjíríà! Ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìtàn sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá: òfo.

Òfo yẹn gan-an ni ìjà mi. N ò bá Thompson jà, n ò bá Nnedi Okorafor tó gba ẹ̀bùn Hugo ní 2016 jà. Wọ́n ti ṣe tiwọn. Àwa ńkọ́? Ẹ ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ tó tó o. Irọ́! Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣakí. Bátìrì wú, iná ò wọlé, ojú fóònù fọ́, ó ń ṣàlàyé láti àárọ̀ dalẹ́, oníbàárà sì gbọ́ ọ yékéyéké.

Ẹ tún ní igbó Fágúnwà ò sí níbí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dàn la ní. Nínú igbó, iwin lè sá pamọ́ sẹ́yìn igi. Nígbà ọyẹ́, tí wọ́n bá ti sun igbẹ́ tán, kí ló ń bọ̀ tí èèyàn ti ń rí lókèèrè, tí kò sì ríbi sá sí? Bí ọ̀dá bá gbẹ adágún Ìyákẹ́ lórí òkè Àdó-Àwáyè ní 2090, kí la máa bá nísàlẹ̀ ẹ̀? Ẹ̀ ń dúró kí ará Lọ́ńdọ̀nù wá kọ ìyẹn fún yín?

Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí kálukú ka ìwé Yorùbá kan tí kò sí nínú ìdánwò rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ìtàn sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá. Bí kò bá sẹ́ni tó kọ ọ́, ẹ tẹ ojú ewé náà jáde ní òfìfo, kójú ti gbogbo wa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn, kó mú bírò.