Ṣáwà oníná nílẹ̀ òkèèrè: Bí iná bá ń ta yín lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ́ yín lára

Òtútù máa ń mú ní São Paulo láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ kó tó kírun Àsùbáà kò ní fẹ́ fi omi tútù wẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ní Brazil ń lò ni ṣáwà oníná, tí wọ́n ń pè ní chuveiro elétrico. Ó máa ń ya ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lẹ́nu láti rí i pé inú orí ṣáwà gan-an ni wáyà iná wọ̀, níbi tí omi ti ń já bọ́. Bó bá bi àwọn tó bá nílé, wọn á ní: "Ó máa ń tani díẹ̀díẹ̀, yóò mọ́ ọ lára." Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí lójú tiwa, ewu tó wà nínú "yóò mọ́ ọ lára" ju èyí tó wà nínú ẹ̀rọ náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la mọ boiling ring tí à ń kì bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì omi nílé, a sì mọ ìkìlọ̀ àwọn ìyá wa: má tọwọ́ bọ omi yẹn kí o tó pa iná. Irú wáyà kíká bẹ́ẹ̀ ló wà nínú orí ṣáwà yìí. Bí ẹ bá ṣí omi, agbára omi ni yóò tan iná sí i, omi yóò gba ara wáyà gbígbóná náà kọjá, yóò sì dà lé yín lórí. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, ìhòòhò ni wáyà náà wà nínú omi. Báàkẹ́ẹ̀tì là ń pa iná rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Ti ṣáwà, iná ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bí a ṣe dúró sábẹ́ rẹ̀.

Kí ló wá dé tí àìmọye ènìyàn ń fi wẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n? Wáyà tó wọlẹ̀ ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní earth. Iná tó bá jò sínú omi yóò bá wáyà yẹn wọlẹ̀ lọ. Bí kò bá sí, tàbí tí ẹni tó so ẹ̀rọ náà gé e sọnù, ara ẹni tó ń wẹ̀ lè di ọ̀nà tí iná yóò gbà. Ara tó tutù kì í sì í dènà iná bí ara gbígbẹ. Nítorí náà, iná kékeré tó ta yín nígbà tí ẹ fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ ìfami ń sọ fún yín pé ọ̀nà ilẹ̀ kò dára. Lọ́jọ́ tí wáyà inú rẹ̀ bá já tàbí tí nǹkan mìíràn bá bàjẹ́ sí i, ó lè má jẹ́ títa lásán mọ́.

Kì í ṣe pé Brazil kò ní òfin. Òfin 11.337 ti ọdún 2006 sọ ọ́ di dandan kí ilé tí wọ́n bá ń kọ́ ní wáyà tó wọlẹ̀. Ìlànà iná wọn, NBR 5410, tún béèrè ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní DR fún iná ilé ìwẹ̀. Bí iná tó ń jò bá ti tó 30 mílíáńpù, DR yóò já a kí ojú tó ṣẹ́. Àmọ́ ilé àtijọ́ ṣì pọ̀, pàápàá àwọn yàrá olówó pọ́ọ́kú tí àlejò ń háyà. Ohun mìíràn ni pé ṣáwà tí wáyà rẹ̀ wà ní ìhòòhò lè máa mú kí DR já ṣáá. Dípò kí oníṣẹ́ ra èyí tí wọ́n bo wáyà rẹ̀, DR gan-an ni àwọn kan máa ń yọ kúrò.

Ìwọ̀n iná tó ń jẹ náà tún wà níbẹ̀. Ṣáwà oní 5,500 wáàtì jẹ iná tó ìlọ́po márùn-ún ti áyọ́ọ̀nù oní 1,100 wáàtì. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 220 fóòtì, áńpù 25 ni yóò fà. Níbi tó bá ti jẹ́ 127, bíi ti Rio de Janeiro, yóò tó 43. Bí wáyà bá tín-ín-rín, yóò gbóná, yóò yọ́, ilé sì lè gbiná.

Kí ló dé tí èyí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n? Láti ilé la ti mú àṣà yìí lọ. Ta ni kò mọ ilé tí wọ́n ti ń wọ bàtà rọ́bà kí wọ́n tó ṣí fíríìjì, kí iná má baà gbé wọn? A sọ bàtà di oògùn, a kò wá oníṣẹ́ tí yóò tún wáyà ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà rọ́bà wẹ̀ kó sọ pé òun ti bọ́.

Àwọn ará wa tó wà ní ìlú Ọba náà ń lo ṣáwà oníná, èyí tó wà nínú àpótí lára ògiri. Òfin tó ti wà ní England láti ọdún 2020 sọ pé kí onílé tó ń háyà ilé jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ iná ilé náà wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 5, kó sì fún ayálégbé ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà láàárín ọjọ́ 28. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ má tijú láti béèrè rẹ̀.

Ohun tí a rọ ẹbí láti ṣe kò pọ̀. Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ béèrè bóyá wáyà tó wọlẹ̀ wà, bóyá ẹ̀rọ tó ń já iná wà. Ẹ má yí bọ́tìnì òtútù àti ooru nígbà tí omi ń dà. Bí iná bá ta ẹnikẹ́ni, kódà ọmọdé, ẹ pa iná rẹ̀ látorí bọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó pa iná. Lẹ́yìn náà, ẹ pe 192 ní Brazil tàbí 999 ní ìlú Ọba.

Omi gbígbóná nínú báàkẹ́ẹ̀tì lè dà bí ìyà lójú ẹni tó wà lókè òkun. Ó sàn fún ọ̀sẹ̀ kan ju ìpè tí òbí kan yóò gbà nílé lóru. Ẹ̀mí tí Ọlọ́hun fi sí wa lọ́wọ́, ìṣọ́ rẹ̀ wà lára ìjọsìn. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbikíbi tí wọ́n bá wà.