Kí Ló Ń Tọ́ Ọmọ: Ẹ̀jẹ̀, Ilé Tàbí Fóònù?

Ó ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láàárín àwọn òbí ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pé fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ni ó ba àwọn ọmọ ìwòyí jẹ́. Bí ọmọ bá ń jà nílé-ìwé, fíìmù ni. Bí kò bá fẹ́ kàwé, fóònù ni. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í dá ẹ̀rọ kankan lẹ́bi. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, wọn á ní ẹni bíni là á jọ. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé ọkọ ni ìyàwó sì sábà máa ń dárúkọ, ẹ̀jẹ̀ ìdílé ìyàwó ni ọkọ máa ń dárúkọ. Ohun tí èrò méjèèjì fi jọra ni pé wọ́n yọ àgbàlagbà tí ó ń sọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ẹjọ́.

Ìlú Aladja, tí í ṣe ìlú àwọn Urhobo ní ìjọba ìbílẹ̀ Udu, nítòsí Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta, jẹ́ ibi tí a ti lè yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Níbẹ̀ ni Ilé-iṣẹ́ Irin Delta wà, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1982. Wọ́n kọ́ ọ láti máa pèsè irin mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún, wọ́n sì kọ́ ibùgbé fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ènìyàn wá síbẹ̀ láti ibi gbogbo, Yorùbá sì wà lára wọn. Àwọn ọmọ wọn dàgbà pọ̀ pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀.

Èdè tí ó gba ìta kan ní gbogbo agbègbè Warri ni Píjìn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ kọ́kọ́ ń sọ kí wọ́n tó gbọ́ èdè ìyá wọn. Kò sí ẹni tí a bí Píjìn mọ́. Agbára láti kọ́ èdè ni a bí mọ́ ọmọ. Èyí tí yóò sọ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń bá a sọ̀rọ̀. Níbi tí òbí bá ti ń fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé láìjáwọ́, ọmọ náà yóò gbọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ayọ̀ Makun, aláwàdà tí gbogbo ayé ń pè ní AY. Ọmọ Ifọ́n ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Warri ni ó dàgbà sí, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta ní Abraka ni ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré orí ìtàgé. Ẹ̀bùn ìpanilẹ́rìn-ín lè jẹ́ àbímọ́. Àmọ́ Warri ni ó fún ẹ̀bùn náà ní ohùn, nítorí ọmọ tí kò bá mọ ẹnu lò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kì í rí ibi dúró. Láti àárín àwọn ọdún 1990 sì ni eré Nite of a Thousand Laughs, tí Opa Williams dá sílẹ̀, ti ń gbé àwọn aláwàdà wọ inú ilé nípasẹ̀ fídíò. Àwọn ọmọ tí ń dá àpárá lójú títì wá rí i pé iṣẹ́ tí ń mówó wọlé ni ohun tí àwọn fi ń ṣeré.

Ní ti àbímọ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé àwọn Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìyá ìbejì kò nílò kí dókítà sọ fún un pé Táyé lè máa ké kiri kí Kẹ́hìndé sì jókòó jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 kó iṣẹ́ àádọ́ta ọdún lórí ìbejì jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó fi hàn pé bí a bá pa gbogbo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò pọ̀, nǹkan bí ìdajì nínú ohun tí ó mú ènìyàn yàtọ̀ sí ara wọn ni ó wá láti inú àjogúnbá. Èyí kò túmọ̀ sí pé a lè gé ọmọ sí méjì, kí a ní apá kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, kí èkejì jẹ́ ti ilé. Ohun tí òbí lè rí mú níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nílò àyè láti sáré ṣáájú kí ó tó nílò ẹgba.

Ní ọdún 1961, Albert Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọmọdé wá síbi tí àgbàlagbà kan ti ń lu ọmọlángidi ńlá kan tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọlángidi ọ̀hún, ọ̀pọ̀ nínú wọn lù ú bí wọ́n ṣe rí i. Ní 1963, wọ́n fi fíìmù dán an wò, ó sì rí bákan náà. Àwọn onímọ̀ kan ti ta ko ìwádìí yìí, wọ́n ní ọmọlángidi kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà nínú fíìmù kì í bá ọmọ gbélé; bàbá rẹ̀ ni ó ń bá a gbé.

Ní Aladja, ohun tí ojú àwọn ọmọ ti rí kọjá ti ọmọlángidi. Ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú náà àti Ogbe-Ijoh, ìlú àwọn Ijaw tí ó múlé gbè é, ti ń jà rànìn láti àwọn ọdún 1990, ó sì tún gbóná lẹ́yìn ọdún 2015. Ẹ̀mí ṣòfò. Bí ọmọ bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń yin ẹni tí ó mú ìbọn jáde nídìí oúnjẹ alẹ́, fíìmù wo ni ó tún kù tí yóò kọ́ ọ níjà?

Èyí kò sọ fóònù di aláìlẹ́ṣẹ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á nímọ̀ràn pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ohunkóhun lójú ẹ̀rọ rárá, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì wò ó ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin gbọ́dọ̀ sùn fún wákàtí 10 sí 13, kí ó sì fi wákàtí mẹ́ta ṣeré tí ń mú ara ṣiṣẹ́. Oorun àti eré wọ̀nyí gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sísọ láàárín òbí àti ọmọ, ni fóònù ń jẹ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ìyá tí ń tajà láti àárọ̀ títí di alẹ́ mọ èyí, ṣùgbọ́n fóònù ni ó ń bá a tu ọmọ nínú kí ó lè ríṣẹ́ ṣe, ẹni tí yóò bá a wí sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a gbé ọmọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà jẹ̀bi: eré ọmọdé ní èdè abínibí kò tó nǹkan lórí wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà ní àwọn ọdún 1980 kò tíì gbàgbé Tales by Moonlight ti NTA.

Ilé-iṣẹ́ irin Aladja bọ́ sọ́wọ́ aládàáni ní ọdún 2005, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí iná ìléru ń jó, ọmọ lè rí ẹni tí ń wọ akoto lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kí ó sì fẹ́ dà bí rẹ̀. Ìran tí ó tẹ̀ lé e kò rí irú rẹ̀ mọ́, ojú wọn sì wá nǹkan mìíràn wò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Itakpe sí Warri, tí wọ́n kọ́kọ́ pèrò láti máa fi kó òkúta irin wá sí Aladja, ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 2020. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ujevwu kò jìnnà. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan yóò mọ̀, kí wọ́n tó padà, èyí tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ẹ̀rọ, èyí tí ó kàn fẹ́ràn láti máa bá àwọn èrò sọ̀rọ̀, àti èyí tí kò tíì rí ohun tí ó wù ú.