Ta Ló Ní Rotimi Fani-Kayode Kì Í Ṣe Tiwa?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ọdún kẹta rèé tí a ti ń kọ́ nípa ère, egúngún àti orí inú. Kò sí ẹni tó dárúkọ Rotimi Fani-Kayode fún wa rí. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, ìdílé olóyè Ifẹ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n gbé e sá lọ ní 1966 lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1989, ọmọ ọdún 34. Ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́, kò sì fi bò. Nínú Bronze Head, fọ́tò tó yà ní 1987, ìhòòhò ọkùnrin dúdú ló wà lókè, orí idẹ Ifẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan nínú wa wò ó, ó ní, "Àṣà òyìnbó nìyẹn." Àṣà òyìnbó kẹ̀? Ìgbà wo ni orí Ifẹ̀ di ti òyìnbó?

Wọ́n kọ́ wa pé àwòrán ni ohun tí a ń wò láti fi rántí. Ní Ìlá Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á pa méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọ jókòó. Kámẹ́rà òyìnbó ni wọ́n fi yà á, a ò sì pè é ní àṣà òyìnbó.

Iṣẹ́ tó jọ ọ́ ni Zanele Muholi ń ṣe ní Gúúsù Áfíríkà láti 2006: ojú àwọn obìnrin dúdú tó ń fẹ́ obìnrin, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé wọn kò sí. Òfin ibẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn o. Síbẹ̀, nígbà tí mínísítà àṣà rí àwòrán Muholi níbi ìpàtẹ kan ní 2009, ó bínú jáde.

Tiwa ńkọ́? Òfin 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá gbé ọkùnrin níyàwó, 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Fọ́tò kan lórí fóònù lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó lè di ohun tí wọ́n ń fi gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Nítorí náà a ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ojú síta. Fani-Kayode gan-an fi ìbòjú bo àwọn mìíràn nínú àwọn tó yà, àwa tí a mọ egúngún kọ́ ló yẹ ká máa béèrè ta ló wà lábẹ́ agọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ sínú kọ́ọ̀sì iṣẹ́ ọnà Yorùbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Ifẹ̀ tí ẹ ń fi hàn wá lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó lè jáde síta fún wákàtí kan.