Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ọmọ Quedlinburg: 1,100 Ọdún Kì í Ṣe Kékeré

Ìlú Quedlinburg, tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Harz nílẹ̀ Jámánì, pé 1,100 ọdún ní ọdún 2022. Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 922 ni Ọba Heinrich Kìíní fi òǹtẹ̀ lu ìwé àṣẹ kan, inú ìwé yẹn ni a sì ti kọ́kọ́ rí orúkọ ìlú náà ní kíkọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ọba ti jẹ, ọba ti wàjà, ogun ti dé, ogun ti lọ, odò Bode ṣì ń ṣàn, ilé olódi ṣì wà lórí àpáta, ìlú ṣì dúró digbí. Ẹ kú oríire! Ẹ kú àfaradà! Ẹ kú ìtọ́jú ogún!

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni mìíràn, ẹ jẹ́ kí n kí àwọn ìyá ìlú yìí ná. Ọwọ́ obìnrin ni Quedlinburg ti gba iyì, ọwọ́ obìnrin náà ni àṣẹ rẹ̀ sì wà fún ohun tó lé ní 860 ọdún. Nígbà tí Ọba Heinrich wàjà lọ́dún 936, orí àpáta yẹn ni wọ́n sin ín sí. Mathilde, opó rẹ̀, kò jókòó kó káwọ́ lérí. Lọ́dún náà gan-an, òun àti Otto ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè dá ilé ìsìn àwọn obìnrin sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè máa gbàdúrà fún ọba tó lọ àti fún ìran rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ọlọ́lá ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ń kàwé, wọ́n ń kọ́ èdè Látìn, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sílé ọkọ nínú wọn lè lọ. Mathilde kú lọ́dún 968, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, pósí òkúta rẹ̀ sì wà nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Servatius Mímọ́ títí di òní olónìí.

Ọmọ ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Mathilde, di Ìyá Olórí ilé náà lọ́dún 966. Obìnrin takuntakun ni! Lọ́dún 973, Otto àgbà, bàbá rẹ̀, ṣe ọdún Àjíǹde ní Quedlinburg, àwọn ìránṣẹ́ sì wá kí i láti Denmark, láti Hungary, láti Bulgaria, àti láti ọ̀dọ̀ ọba àwọn Gíríìkì. Lọ́dún 994, Otto Kẹta, ọmọ arákùnrin rẹ̀, fún un láṣẹ láti ní ọjà, láti rọ owó, àti láti máa gba owó ibodè. Nígbà tí ọba náà ń lọ sí Ítálì lọ́dún 997, ọwọ́ ìyá yìí ló fi àkóso ilẹ̀ Saxony sí. Àwọn Ìyá Olórí tó jẹ tẹ̀lé e ní àga tiwọn nínú ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Jámánì, títí oyè náà fi dópin ní nǹkan bí ọdún 1802. Ta ló wá sọ pé obìnrin ò lè di ìlú mú?

Ìyá àti ọmọ kò ṣàì ní gbólóhùn asọ̀. Àwọn oníṣòwò ìlú ti lówó lọ́wọ́, wọ́n wọ Hansa, ẹgbẹ́ àwọn ìlú oníṣòwò, lọ́dún 1426, wọ́n sì fẹ́ máa dá ṣe ìjọba ara wọn. Lọ́dún 1477, Ìyá Olórí Hedwig ránṣẹ́ pe àwọn arákùnrin rẹ̀, ọmọ ogun wọn wọ ìlú, wọ́n sì wó ère Roland, tó jẹ́ àmì òmìnira ará ìlú, lulẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú kò gbàgbé. Lọ́dún 1869 wọ́n gbé ère náà nàró padà, iwájú gbọ̀ngàn ìlú ló sì wà lónìí, pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ẹ kú ìrántí o!

Ẹni tó bá dé Quedlinburg, ilé ni yóò kọ́kọ́ wò títí. Ilé onígi tó lé ní 2,000 ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ láti ọ̀rúndún kẹrìnlá wá. Wọ́n á fi igi óákù kan férémù, wọ́n á hun ẹ̀ka igi sáàárín rẹ̀, wọ́n á wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn bàbá wa ṣe ń po amọ̀ mọlé yóò mọ̀ pé ọgbọ́n ọ̀hún kò jìnnà síra. Àjà òkè máa ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fín ìràwọ̀, àdúrà àti ọdún tí wọ́n kọ́lé sára igi rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù lọ, ní òpópónà Wordgasse, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Inú irú ìlú báyìí ni wọ́n bí Dorothea Erxleben sí lọ́dún 1715. Dókítà ni bàbá rẹ̀, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ ìṣègùn. Lọ́dún 1742 ó tẹ ìwé jáde lórí àwọn ohun tó ń dí obìnrin lọ́wọ́ láti kàwé. Ó lọ́kọ, ó ń tọ́mọ, ó sì ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn dókítà ìlú fẹ̀sùn kàn án pé kò níwèé ẹ̀rí. Ó lọ ṣèdánwò ní Yunifásítì Halle lọ́dún 1754, ó yege, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè dókítà ìṣègùn nílẹ̀ Jámánì. Quedlinburg náà ló bí akéwì Klopstock lọ́dún 1724, òun ló sì bí Carl Ritter, àgbà onímọ̀ nípa ojú ilẹ̀ ayé, lọ́dún 1779. Ìlú tó mọ ọmọ bí!

Ìdààmú pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìjọba Násì gba ṣọ́ọ̀ṣì Servatius lọ́wọ́ ìjọ, ọdún 1945 ló tó padà sọ́wọ́ onílé. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan jí lára ìṣúra ṣọ́ọ̀ṣì náà, tó fi mọ́ ìwé Ìhìnrere tí wọ́n fi wúrà kọ, ó sì fi í ránṣẹ́ sílé rẹ̀ ní Texas. Ó di ọdún 1993 kí púpọ̀ nínú rẹ̀ tó padà wálé. Lábẹ́ ìjọba Jámánì Ìlà Oòrùn, ọ̀pọ̀ ilé ń bàjẹ́ lọ, wọ́n sì ti ń pète láti wó apá kan ìlú. Ìyípadà ìjọba ọdún 1989 ló yọ ìlú náà. Àwọn ará ìlú ká ṣòkòtò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ilé, nígbà tó sì di ọdún 1994, UNESCO kọ Quedlinburg sára àwọn ogún àgbáyé, ìwé kan náà tí Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọ̀ lọ́dún 2005.

Lónìí, nǹkan bí 23,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí Kérésì bá ń sún mọ́lé, wọ́n á ṣílẹ̀kùn àgbàlá ilé wọn fún àlejò, wọ́n á ta ohun mímu gbígbóná àti iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí á di àlejò wọn. Láti ọdún 2006 ni ọkọ̀ ojú irin tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ti ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ wọ inú òkè Harz. Ọwọ́ tó tọ́jú ilé ló tún ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé!

Ẹ̀yin ọmọ Mathilde, ẹ̀yin ọmọ Dorothea, àjọ̀dún yìí yẹ yín. Ikán kò ní jẹ igi ilé yín. Iná kò ní jó òrùlé yín. Ogun kò ní gba ẹnubodè yín mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yín tó lọ wáṣẹ́ lókèèrè á rántí ilé, wọ́n á mú ìyàwó, ọkọ àti ọmọ padà wá kún inú ilé tí ẹ tún ṣe. Àṣèyí ṣàmọ́dún o! Ẹ kú ayẹyẹ, ẹ kú oríire, ìlú yín á tòrò, á tún pé 1,100 ọdún mìíràn láṣẹ Èdùmàrè!